Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́? Ìdáhùn Sáwọn Lẹ́tà Yín Lórí Ṣíṣa Ìmọ̀ Tí Kò Wọ́pọ̀ Jọ

Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ, a ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀, àwọn tó jọra la pa pọ̀. Àṣé ẹ pọ̀ báyìí tẹ́ ẹ ń ṣa nǹkan jọ!

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi o, tí mo bá ti ka nǹkan kan tó yà mí lẹ́nu, ì báà jẹ́ nípa ìràwọ̀, ì báà jẹ́ nípa ẹranko, tàbí orúkọ àràmàǹdà táwọn dókítà ń pe ẹ̀yà ara kan, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ó ti wá pọ̀ jù, òmíì wà nínú fóònù, òmíì wà lẹ́yìn ìwé, tí mo bá sì ń wá ọ̀kan, mi ò ní rí i. Ṣé ọ̀nà wà téèyàn lè gbà tò ó ni àbí kí n kúkú jáwọ́? (Ẹni Tó Ń Ṣà Á Jọ)

ÌDÁHÙN: Ẹ má jáwọ́ o. Àwọn àgbà ti bá wàhálà yìí jà ṣáájú yín. Ọkùnrin ará Róòmù kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pliny, òun ló kọ Naturalis Historia tó jẹ́ ìwé 37, ó ní nǹkan 20,000 tó yẹ kéèyàn mọ̀ lòun kó síbẹ̀ látinú ìwé tó tó 2,000. Tí bàbá yìí bá ń jẹun, ẹnì kan á máa kàwé sí i létí, tí wọ́n bá ń nu ara ẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ̀ tán, wọ́n ṣì ń kà á lọ ni. Ìwé nóòtù 160 ló fi sílẹ̀ fún ọmọ arábìnrin ẹ̀, tó kọ wínníwínní tojú tẹ̀yìn. Òkè Vesuvius tó bú gbàmù lọ́dún 79 ló pa á, torí ó lọ síbi táwọn ẹlòmíì ti ń sá bọ̀.

Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lára ẹ̀ kì í ṣe bó ṣe kó o pọ̀ tó. Gbogbo ìwé àkọ́kọ́ nínú 37 yẹn, kò kọ nǹkan míì síbẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé yòókù àti orúkọ àwọn tó ti gbọ́ ọ. Ó ní ó yẹ kéèyàn jẹ́wọ́ ẹni tó là á lóye. Bẹ́ẹ̀, Pliny kó irọ́ o, ó kọ nípa àwọn èèyàn tí ojú àti ẹnu wọn wà láyà, àmọ́ torí ó dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un, a mọ ẹni tá a máa bi.

Ní ti títò, Conrad Gessner ará Switzerland ti sọ ọ́ láti 1548 pé kéèyàn máa kọ nǹkan sí ojú kan ìwé nìkan, kó wá fi àlùmọ́gàjí gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa tò ó bó ṣe wù ú. Ìyẹn náà lẹ máa ṣe lórí fóònù yín, nǹkan kan, ojúewé kan. Ẹ má fi mẹ́wàá há sínú nóòtù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ pè ní "oríṣiríṣi", ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń sọnù. Niklas Luhmann, onímọ̀ nípa àwùjọ kan ní Jámánì, kọ káàdì tó ń lọ sí 90,000, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, káàdì yìí á wá máa darí ẹ lọ sí káàdì tọ̀hún. Ẹ̀yin ò nílò iye yẹn, ẹ ṣáà kọ nǹkan náà, ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti kà á, ẹ sì kọ ohun kan tẹ́ ẹ ti ní nílẹ̀ tó fara jọ ọ́, ó tán. Èyí tẹ́ ò bá mọ ibi tó ti wá mọ́, ẹ ya á sọ́tọ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé èèyàn kọ̀ọ̀kan máa ń gbé aláǹtakùn mẹ́jọ mì lọ́dún tó bá ń sùn lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi ọkùnrin, látìgbà yẹn ló ti ń faṣọ bo ẹnu sùn. Ṣé òótọ́ ni? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? (Ìyá Ọmọ Tó Ń Bo Ẹnu)

ÌDÁHÙN: Mà, ẹ ní kọ́mọ ṣí aṣọ lẹ́nu jàre. Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó jókòó ti àwọn tó ń sùn tó wá ka aláǹtakùn tó wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Aláǹtakùn gan-an ò fẹ́ wá, torí mímí téèyàn ń mí àti híhanrun ń mi ibi téèyàn sùn sí, aláǹtakùn sì máa ń mọ̀ ọ́n lára tí nǹkan bá ń mì, á ti mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀. Ẹ tún wo iye yẹn dáadáa, mẹ́jọ géérégé! Tí iye bá mọ́ tónítóní báyìí tí ò sì sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe kà á, ẹ fura.

Ẹ ò gbọdọ̀ rò pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan nirọ́ wà o. Díkíṣọ́nárì Webster ńlá tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1934, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀, "dord", wọ́n ní ó túmọ̀ sí bí nǹkan ṣe ki tó nínú ìmọ̀ físíìsì. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan kọ káàdì péńpé kan pé "D or d", ìyẹn ni pé D ńlá tàbí d kékeré lèèyàn lè fi dúró fún "density", káàdì yẹn wá ṣèèṣì bọ́ sáàárín káàdì àwọn ọ̀rọ̀ gidi, wọ́n lẹ D àti or àti d pọ̀, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa pè é sí i, ó di ọ̀rọ̀. Tí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a, èyí ò tiẹ̀ tó ogún, 1939 ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Báwo lọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́? Ọ̀kan nínú àwọn olóòtú wọn ló rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni wọ́n kọ orírun wọn sí lára, dord nìkan ni ò ní bàbá ò ní ìyá.

Àwọn míì wà tó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni. Ará Amẹ́ríkà kan, Fred Worth, kó irú ìmọ̀ kéékèèké báyìí jọ sínú ìwé lọ́dún 1974, ó wá ki irọ́ kan bọ àárín ẹ̀ kó lè fi mú ẹni tó bá jí i wò: ó ní orúkọ àbísọ Columbo, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré tẹlifíṣọ̀n yẹn, ni Philip. Ìgbà tí Trivial Pursuit, géèmù ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn, máa dé, ẹ wo Philip níbẹ̀! Worth gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù lọ́dún 1984, ó ń béèrè 300 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn yẹn ò sẹ́ o, wọ́n ní àwọn wo ìwé ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tún wo tàwọn ẹlòmíì mọ́ ọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun lòun ni òótọ́ ọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀tù gbè wọ́n. Mi ò káàánú Worth rárá, torí àwọn tó fowó ara wọn ra ìwé ẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n ti ń pe Philip káàkiri?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Agloe. Láwọn ọdún 1930, àwọn méjì tó ń ya máàpù, Otto G. Lindberg àti Ernest Alpers, da lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n fi ṣe orúkọ abúlé tí ò sí, wọ́n sì fi sí ìkóríta kan ní ìpínlẹ̀ New York lórí máàpù wọn, kí wọ́n lè fi mú ẹni tó bá jí i wò. Nígbà tó yá, Agloe fara hàn lórí máàpù Rand McNally, ilé iṣẹ́ míì tó ń ya máàpù, wọ́n ní ọwọ́ ti tẹ olè. Ọwọ́ ò tẹ olè o, ẹnì kan ló ti rí orúkọ yẹn lórí máàpù, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó sọ ọ́ ní Agloe General Store. Irọ́ ti di òótọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́!

Nítorí náà mà, tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ bi í pé ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, báwo lonítọ̀hún ṣe mọ̀. Ibi mẹ́wàá tó gbé nǹkan kan náà lè jẹ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé lóòótọ́ ni pé ike kékeré tó wà lẹ́nu okùn bàtà lórúkọ? (Oníbàtà)

ÌDÁHÙN: Aglet ni lédè Òyìnbó. Irin tó di ìrésà mọ́ ìdí pẹ́ńsùlù ni ferrule, kòtò tó wà láàárín imú àti ètè ni philtrum, funfun bí òṣùpá tó wà nídìí èékánná ni lunula. Wọ́n dáa, àmọ́ orúkọ lásán máa ń tètè sú mi, èyí tó nítàn ni mo fẹ́ràn. Petrichor ńkọ́? Òórùn tó máa ń jáde tójò bá kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ gbígbẹ ni. Isabel Joy Bear àti Richard Thomas, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ọsirélíà, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́dún 1964, wọ́n ní òróró ara ewéko ló máa ń wọnú òkúta àti ilẹ̀ lásìkò ọ̀dá, tójò bá wá dé, ó máa tú jáde.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ mí ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán. Tí mo bá ti lanu báyìí, wọ́n á ní ó tún ti dé. Kí ni kí n ṣe? (Mo-mọ̀-ọ́n-tán)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìdáhùn lo kọ́kọ́ ń gbé fún wọn, ìyẹn ni wọn ò ṣe fẹ́ gbọ́. Bi wọ́n pé ẹranko wo ló ń yàgbẹ́ onígun bíi dáìsì lúdò, kó o wá dákẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ ní irọ́ ni, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ihò ìdí ẹ̀ ló máa nígun, ìgbà yẹn ni kó o tó sọ fún wọn pé wombat ni, ó wà ní Ọsirélíà, ihò ìdí ẹ̀ sì rí roboto bíi tẹranko yòókù. Inú ìfun lọ́hùn-ún nigun ti ń wá. Patricia Yang, David Hu àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gba ìfun wombat tí mọ́tò ti kọlù ní Tasmania, wọ́n ki bàlúù gígùn bọ̀ ọ́, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n rí i pé ara ìfun yẹn ò rí bákan náà, ibì kan le, ibì kan rọ̀, bó ṣe ń fún ìgbẹ́ tó ti gbẹ yẹn ló ń yọ igun sí i lára. Wọ́n gba Ig Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2019, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ máa ń pani lẹ́rìn-ín.

Ẹyọ kan ti tó níjokòó kan o, tí wọ́n bá fẹ́ òmíì, wọ́n á béèrè. Tó bá sì jẹ́ ilé òkú lẹ wà, jọ̀ọ́, pa ẹnu ẹ mọ́.