Èsì: Ṣé dandan ni ká pe ẹni tó ní ayé kò gbóná sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àwọn kan fẹ́ kí ètò rédíò yín ní Kétu pe ẹni tó ń jiyàn ìyípadà ojú ọjọ́, kó má baà dà bíi pé ẹ gbè sápá kan. Kò pọn dandan.

Ohun tí wọ́n ti wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìhà méjì: láàárín 2011 sí 2020, ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 Celsius gbóná ju ti 1850 sí 1900 lọ. Ohun tó yẹ ká ṣe ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Kí ni àwọn tó ń sun èédú yóò máa jẹ bí wọ́n bá dá wọn dúró? Ta ni yóò sanwó? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ́ kí wọ́n kojú ara wọn, ó tiẹ̀ máa ń dùn-ún gbọ́ jù.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ pe ẹni tó ń jiyàn náà, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹ yẹ gbogbo iye tó bá dárúkọ wò. Ní 2017, Nigel Lawson, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, sọ lórí BBC pé ooru ayé ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá; olóòtú kò ta kò ó, Ofcom, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, sì dá BBC lẹ́bi ní 2018. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, inú ètò kan náà ni kí ẹ ti ṣàtúnṣe, torí ẹni tó gbọ́ irọ́ lónìí lè máà tan rédíò lọ́la.