Báwo ni ilé àwọn sístà ní Lacock ṣe di ilé ọlọ́lá?

Ela, opó olóyè Salisbury, ló fi ìpìlẹ̀ ilé àwọn sístà Àgùdà yìí lélẹ̀ ní Lacock, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1232. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa, tó sì ń gba dúkìá wọn, ó kan Lacock ní 1539, William Sharington, ìjòyè kan ní ààfin ọba, sì rà á ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì sọ ọ́ di ilé tirẹ̀. Ó wó ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ palẹ̀, ó kọ́ ilé-ìṣọ́ onígun mẹ́jọ kan, ṣùgbọ́n ó dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta àwọn sístà sí, èyí tí òrùlé rẹ̀ kún fún iṣẹ́ ọnà, tó sì jẹ́ pé, lójú tèmi, òun ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ wò. Fèrèsé kan nínú ilé náà ni William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó dá fọ́tò yíyà sílẹ̀, ya fọ́tò rẹ̀ ní 1835.