Àyà mi ń já láti padà sẹ́nu iṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìgbógbò, ní Ìkòròdú, ni mò ń gbé. Marina ni ọ́fíìsì mi wà. Láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 tí ìjọba ti sé wa mọ́lé nítorí Kòrónà, mi ò tíì wọ ọkọ̀. Ọ̀gá wa ti ní ká padà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bí mo bá ti rántí èrò inú ọkọ̀, àyà mi á máa lù kìkìkì. Ṣé ojo ni mí ni?

Ìdáhùn: Ojo kẹ̀! Ara tó ti fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbọ́ pé ìta léwu kò lè gbàgbé lọ́jọ́ kan. Èmi fúnra mi, ìyá kan wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ọkọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ ní Ọwọ́dẹ Onírin, mo fẹsẹ̀ rìn dé Mile 12. Ẹ̀pà ló kúkú ń jẹ, ló bá há a lọ́fun!

Má dúró de ọjọ́ Ajé o. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ ọkọ̀ dé Mile 12, kí o sì padà. Bí àyà bá ń já, má sáré bọ́ sílẹ̀ bíi tèmi: ìbẹ̀rù tá a bá ń sá fún, ṣe ló ń le sí i. Fa èémí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí o wá tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó pẹ́ ju bó ṣe wọlé lọ. WhatsApp tí wọ́n fi ń ka òkú síni létí lóru, pa á. Bí oorun bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ rí dókítà.

Kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ Àìkú, kí o sọ ibi tí o bọ́ sílẹ̀ fún mi.