Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Ta Ni Yóò San Owó Ìgbàlà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣe géèmù tí wọ́n ń pè ní Mass Effect 3 dé òpin. Mo yàn pé kí àwọn Reaper tó fẹ́ pa ayé run parẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Geth, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tí mo ti bá parí ìjà wọn, yóò bá a lọ. Àbúrò mi ní apànìyàn ni mí, pé ìdàpọ̀ ẹ̀dá àti ẹ̀rọ ló yẹ kí n yàn, nítorí pé kò la ikú àwọn Geth lọ. Ọ̀rẹ́ wa kan ní eré lásán ni, pé a kàn ń da ara wa láàmú. Ta ló jàre?

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

A dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Fún àwọn òǹkàwé tí kò mọ eré yìí, ilé-iṣẹ́ BioWare ti orílẹ̀-èdè Kánádà ló ṣe é, ó sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2012. Nínú ìtàn rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ abàmì tí ń jẹ́ Reaper máa ń padà wá ní gbogbo 50,000 ọdún láti kórè àwọn ẹ̀dá tó bá ti gòkè àgbà nínú ìmọ̀. Ọ̀gágun Shepard, tí ẹni tó ń ṣeré ń darí, kó oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ láti dojú kọ wọ́n, nígbà tó sì dé ibi ìkẹyìn, ohùn kan tó gbé àwọ̀ ọmọdékùnrin wọ̀ la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ fún un: kí ó pa àwọn Reaper run pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó ní làákàyè, kí òun alára kú, kí iyè rẹ̀ sì máa darí àwọn Reaper, tàbí kí ó kú, kí ẹ̀dá alààyè àti ẹ̀rọ di àdàpọ̀. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí òpin yìí, wọ́n ní àwọ̀ iná pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ náà gbé àfikún ọ̀fẹ́ jáde, wọ́n sì fi ọ̀nà kẹrin kún un, pé kí Shepard kọ gbogbo rẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ yín kò gba àkókò. Ẹ̀mí ẹnikẹ́ni kò bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹ fi yan ohun tí ẹ yàn jẹ́ tiyín, òun ni a sì ń yẹ̀ wò.

Àbúrò yín gan-an ni mo fẹ́ bá jiyàn. Òótọ́ ni pé ìdàpọ̀ dá àwọn Geth sí, ohùn náà sì yìn ín ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń yìn ín. Nínú àfikún tí mo mẹ́nu kàn, ó jẹ́wọ́ pé àwọn tó dá òun ni òun kọ́kọ́ sọ di Reaper, pé wọn kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òun kò rí ọ̀nà mìíràn. Ó tún ní òun ti gbìyànjú ìdàpọ̀ rí, pé kò bọ́ sí i, nítorí pé kì í ṣe ohun tí a lè fipá ṣe. Lẹ́yìn èyí ló wá ń rọ ẹnì kan ṣoṣo, tó ti fara gbọgbẹ́, láti pinnu fún ọmọ tuntun, fún arúgbó àti fún ẹ̀yà tí kò tilẹ̀ gbọ́ pé ogun ń jà, pé ara wọn kò ní rí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Bí èyí kò bá jẹ́ ipá, n kò mọ ohun tí ipá ń jẹ́. Àwòrán aláyọ̀ tó tẹ̀ lé e kò tu ọkàn mi lára, torí pé ẹni tí a ti yí padà tán ni a ń bi bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìṣàkóso yàtọ̀. Shepard nìkan ló kú, kò sí ẹni tí a yí ara rẹ̀ padà. Bí a bá fi ti òní nìkan wò ó, òun ló mọ́ jù. Ọ̀la ni ewu rẹ̀ wà: aláṣẹ tí kò lè kú, tí ogun tó lágbára jù wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ fún un pé ó tó. Àwa tí ilẹ̀ wa ní ìjòyè tó ń ká ọba lọ́wọ́ yẹ kí á fura sí adé tí kò ní ìjòyè. Ní ti kíkọ̀, ó dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo ìran tó wà láyé nígbà náà ni yóò ṣègbé, ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò borí. Ẹni tó yàn án fi ẹ̀mí ọ̀kẹ́ àìmọye ra ọwọ́ mímọ́ fún ara rẹ̀.

Ó wá ku ohun tí ẹ yàn. Àwọn Quarian, ẹ̀yà kan nínú ìtàn náà, ló ṣe Geth fún iṣẹ́. Nígbà tí Geth bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá àwọn ní ẹ̀mí, àwọn tó ṣe wọ́n gbìyànjú láti pa wọ́n run, ìjà náà sì ti tó bí ọ̀rúndún mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣeré ló máa ń rí i parí. Ẹ̀yin parí rẹ̀, Geth kan tí ń jẹ́ Legion sì fi ara rẹ̀ jìn kí ó lè ṣeé ṣe. (Ẹni tó jẹ́ kí àwọn Geth ti parun ṣáájú kò jẹ gbèsè tó tiyín, àfi ti EDI, ẹ̀rọ onílàákàyè inú ọkọ̀ Shepard.) Alájọjà tó dìde nítorí pé ẹ pè wọ́n ni àwọn tí ẹ pa. Wọ́n mọ̀ pé ikú lè bá wọn lójú ogun, ṣùgbọ́n ikú ojú ogun yàtọ̀ sí pé kí ọ̀gágun fi wọ́n san owó ìṣẹ́gun lẹ́yìn wọn.

Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀ tí ẹ wà. Mọ́remí jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn kí ó lè tú àṣírí àwọn tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bora wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, nígbà tó sì ṣẹ́gun, Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò náà bèèrè. A kò gbọ́ pé wọ́n bi ọmọ náà léèrè, èyí sì ti ń dùn mí tipẹ́. Síbẹ̀, ẹkún Mọ́remí wà nínú ìtàn, àwọn ará Ifẹ̀ fi ara wọn ṣe ọmọ fún un, wọ́n sì ń ṣe ọdún Ẹdì ní ìrántí rẹ̀ títí di òní. Tirẹ̀ ló sì fi san. Nínú ìparun, ti ẹlòmíràn ni Shepard fi san, ọ̀nà yìí nìkan ló sì wà tí Shepard ti lè yè: bí ogun tí ẹ kó jọ bá pọ̀ tó, ẹ ó rí i tó mí láàárín àwókù.

Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ jàre, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ ṣì máa yan ìparun ká ní ó dá yín lójú pé Shepard yóò bá àwọn Geth kú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ jàre àbúrò yín, nítorí pé ẹ fẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́ kù ní ara wọn àti òmìnira wọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àbúrò yín ti rí nǹkan kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tó pè yín ti le jù. Èmi náà ìbá yan ìparun, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé n kò jẹ àwọn Geth ní gbèsè.