Ta ni yóò dáàbò bò wá? Ohun tó yẹ ká bi àwọn tó fẹ́ di ààrẹ

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, nínú àwọn tó ń dupò ààrẹ fún 2027, èwo ló lè dáàbò bo Nàìjíríà jù. Àwọn kan ní ẹni tó ti ṣe sójà rí ni ká dìbò fún, torí ó mọ ojú ogun. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ojú rẹ̀ le ni. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan fún yín. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi ibi tí ẹ ó ti máa wọn ọ̀rọ̀ wọn hàn yín, torí púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣèlérí ni agbára ààrẹ kò ká, èyí tó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gan-an, wọn kì í sábà mẹ́nu bà á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ sójà kúrò nílẹ̀. Umaru Yar'Adua kò ṣe ológun rí. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni kó tó bọ́ sínú òṣèlú. Òun ló kéde àforíjì ní oṣù kẹfà 2009 fún àwọn tó gbé ìbọn ní Niger Delta. Ó fún wọn ní 60 ọjọ́, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀. Ẹni tó bá kó o sílẹ̀ ń gba 65,000 náírà lóṣooṣù, wọ́n sì ń rán àwọn mìíràn lọ kọ́ṣẹ́. Ìkọlù dínkù, epo rọ̀bì sì tún ń ṣàn. Buhari ní tirẹ̀, ọ̀gágun àgbà ni, ó ti ja ogun abẹ́lé. Síbẹ̀, ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 2020 tó gúnlẹ̀ sí Daura fún ìsinmi, ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 300 ní Kankara, ní ìpínlẹ̀ Katsina kan náà. Sójà mọ bí a ṣe ń ja ogun. Iṣẹ́ ààrẹ ni yíyan èèyàn, pípín owó àti dídúnàádúrà, kò sì sí bárékè tí wọ́n ti ń kọ́ni ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àforíjì yẹn náà ní àlébù tirẹ̀ o. Kò ní ọjọ́ ìparí. Nígbà tó fi máa di 2016, Niger Delta Avengers ti dìde, wọ́n ti fọ́ ọ̀pá epo abẹ́ òkun ní Forcados, owó oṣù náà kò sì tíì dúró. Nítorí náà, olùdíje tó bá ní òun yóò bá àwọn ajínigbé ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn àríwá jókòó sọ̀rọ̀, ẹ bi í: ta ni yóò gbowó, fún oṣù mélòó, ọjọ́ wo ni yóò dáwọ́ dúró, kí sì ni ti àwọn tí wọ́n jó ilé wọn tí wọn kò gbé ìbọn rárá? Bí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin yìí, àwọn tí wọ́n jó ilé wọn náà yóò wá ìbọn tiwọn kiri.

Nípa yíyan èèyàn, abala 218 ìwé òfin 1999 ló fún ààrẹ láṣẹ láti yan àwọn olórí ológun, òfin àwọn ológun sì ní kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí i. Abala 215 ló fi ń yan ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n olùbádámọ̀ràn lórí ètò ààbò, ààrẹ nìkan ló mọ ẹni tó máa mú. Aṣòfin kankan kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ́fíìsì yìí ló yẹ kó máa kó ìròyìn jọ láti ọ̀dọ̀ DSS, NIA àti DIA, àwọn àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́ta tí òfin 1986 dá sílẹ̀, kó sì rí i pé ó dé ọwọ́ ẹni tó máa lò ó. Bí ìròyìn bá dàrú, ìbọn náà yóò ṣìnà. Ní oṣù kejìlá 2023, dúróònù ológun ju bọ́ǹbù sórí àwọn tó ń ṣe Máólúdì ní Tudun Biri, ní Kaduna. Èèyàn tó lé ní 80 ló kú, àwọn ológun fúnra wọn sì gbà pé àṣìṣe ni. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Rann, ní Borno, ní oṣù kìíní 2017. Ẹ bi olùdíje yín pé: kí wọ́n tó ju bọ́ǹbù, ta ni yóò jẹ́rìí pé ọ̀tá ló wà níbẹ̀, àjọ wo ló sì lè sọ pé kí wọ́n dúró?

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń dun àwa ará ìwọ̀ oòrùn gúúsù jù, òun náà ni wọ́n fi ń tàn wá jù. Abala 214 ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Abala 215 ní gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nnà lè ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu ààrẹ. Èyí ló ń fà á tí gómìnà fi ń pe kọmíṣọ́nnà lóru tí ọ̀rọ̀ náà á ṣì wà ní Abuja di òwúrọ̀. Láti yí i padà, àwọn sẹ́nétọ̀ 73 nínú 109 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn aṣojúṣòfin 240 nínú 360, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ààrẹ kò ní ìbò kankan nínú èyí. Olùdíje tó bá ní “èmi yóò fún yín ní ọlọ́pàá ìpínlẹ̀” gbọ́dọ̀ sọ ìpínlẹ̀ 24 tó ń kà lé, pàápàá ní àríwá, àti ohun tó máa fi bá àwọn gómìnà ibẹ̀ dúnàádúrà. Ọ̀nà wà lóòótọ́: ní oṣù kẹta 2023 ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kọjá tó fi ṣeé ṣe fún ìpínlẹ̀ láti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ba gómìnà kankan lẹ́rù. Ọlọ́pàá tó wà lọ́wọ́ gómìnà ń ba alátakò lẹ́rù, ibẹ̀ ni ìjà wà.

Èyí tí ààrẹ lè ṣe láìdúró de aṣòfin ni kíkó ọlọ́pàá kúrò lẹ́yìn àwọn ọlọ́lá. Lórí ìwé, ọlọ́pàá wa tó nǹkan bí 370,000, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé báàgì ìyàwó olóṣèlú. Ní oṣù kọkànlá 2025, Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n kó wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n gba 20,000 ọlọ́pàá kún èyí tí wọ́n ti fẹ́ gbà. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá tí kì í pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kó tó lọ. Ìdí tí kì í fi dúró ni pé ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé ọlọ́lá ń rí owó lórí owó oṣù rẹ̀, ọlọ́lá náà sì mọ nọ́ńbà tí yóò pè. Ẹ má bi olùdíje bóyá yóò pàṣẹ. Ẹ bi í ta ni yóò máa ka iye tó padà ní oṣooṣù, àti bóyá yóò tẹ iye náà jáde.

Tó bá kan ohun ìjà, ẹ gbà mí gbọ́, ìlérí “ọdún kìíní mi, a ó ra bàálù” kò ṣeé gbára lé. Ẹ wo Super Tucano 12 tí a rà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ọdún 2017 ni wọ́n gbà láti tà á. Ọdún 2018 ni ìjọba san dọ́là tó lé ní 490 mílíọ̀nù, àwọn aṣòfin sì bínú gan-an torí wọ́n san án kó tó dé iwájú wọn. Oṣù keje 2021 ni mẹ́fà àkọ́kọ́ balẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, wọ́n ní láti rán àwọn awakọ̀ òfurufú àti àwọn atúnbàálùṣe lọ kọ́ṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Georgia, kí wọ́n sì tún pápá Kainji ṣe. Ẹni tó bá wọlé ní 2027, tó sì paṣẹ lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kó ti ń polongo sáà kejì kó tó rí i lójú ọ̀run. Ìbéèrè tó wúlò ni èyí: nínú èyí tó wà nílẹ̀, mélòó ló ń fò, mélòó ló ń dúró de páàtì, ìyẹn ẹ̀yà ara bàálù? Ẹni tó ti múra sílẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ nípa páàtì àti epo bàálù. Ẹni tí kò múra yóò dárúkọ bàálù mìíràn.

Owó ńkọ́? Nínú àbá ètò ìṣúná 2025 tí Tinubu gbé lọ síwájú aṣòfin, tírílíọ̀nù 4.91 náírà ni ti ààbò. Ẹ má jẹ́ kí iye ńlá yìí pa yín lójú. Ẹ kọ́kọ́ pín in sí méjì: owó oṣù àti àjẹmọ́nú lápá kan, ohun èlò lápá kejì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bèèrè ohun tí wọ́n tú sílẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àti ohun tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun kì í ṣe ọgbọọgba. Olùdíje tó ti ṣe gómìnà rí ní ìbéèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀: owó ààbò tó ń gbà lóṣooṣù, èyí tí kì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni, kí ló fi ṣe? Bí ó bá ní Àmọ̀tẹ́kùn ni, ó dára. Wọ́n gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ṣe òfin fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nítorí náà ẹ bi í irú ìbọn tó gbé lé wọn lọ́wọ́ àti ẹni tó fún un níwèé àṣẹ.

Nípa ogun ní ilẹ̀ òkèèrè, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Abala 5 kò jẹ́ kí ààrẹ dá ogun sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger ní oṣù keje 2023, Tinubu kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Àwọn yẹn ní kó lo ọ̀nà ìjíròrò.

Ibodè ló gba ìrònú jù. Àwọn kan ti ń sọ pé àwọn yóò tì í pa. Ìjọba Buhari tì í ní oṣù kẹjọ 2019, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2020. Ìyẹn ni pé ibodè ṣì wà ní títì nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ Kankara. Ìlà ibodè wa lé ní 4,000 kìlómítà, igbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, géètì kò lè tì í. Ohun tó ń ràn wá lọ́wọ́ ní agbègbè Adágún Chad ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun àpapọ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní N'Djamena, ní orílẹ̀-èdè Chad, Niger sì ti kéde ní oṣù kẹta 2025 pé òun ti jáde nínú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí olùdíje yín bá dé orí ọ̀rọ̀ ibodè, ẹ bi í ẹni tó máa rán sí Niamey, olú ìlú Niger, ní oṣù kìíní rẹ̀ lórí oyè, àti ohun tí onítọ̀hún máa gbé dání lọ.