Ṣé ọ̀kan náà ni Anzac Corps àti Australian Corps?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá ọ̀kan náà ni Anzac Corps àti Australian Corps nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Báwo ni kí n ṣe là á yé wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, tíṣà wa. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọdún ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ní 1915, ní Gallipoli nílẹ̀ Tọ́kì, àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà àti ti New Zealand jọ jà lábẹ́ orúkọ Anzac (corps ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá tó kó dífíṣọ̀n mélòó kan pọ̀; dífíṣọ̀n kan sì ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun). Ní 1916, wọ́n pín in sí méjì. Oṣù Kọkànlá 1917 ni wọ́n tó kó dífíṣọ̀n márààrún ti Ọsirélíà nìkan sábẹ́ ọ̀gágun kan ní Faransé. Australian Corps nìyẹn. Kò sẹ́ni tí wọ́n fi tipá mú wọ̀ ọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ará Ọsirélíà dìbò pé àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa fi tipá múni wọṣẹ́ ológun.

Ẹ bá mi pẹ́ díẹ̀ lórí ìjà tí Australian Corps jà ní Hamel, abúlé kan ní Faransé, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1918. John Monash, ẹnjiníà ọmọ Melbourne, ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá wọn ni. Láwọn ọjọ́ tó ṣáájú, èéfín àti gáàsì olóró ló ń jù pọ̀ lu àwọn ará Jámánì, títí tó fi mọ́ wọn lára pé bí wọ́n bá ti rí èéfín, ìbòjú ni kí wọ́n dé. Lọ́jọ́ ìjà, èéfín lásán ni. Jámánì dé ìbòjú, kò ríran dáadáa. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá a kò dé nǹkan kan. Bàálù ń hó lókè kí wọ́n má baà gbọ́ ìró táńkì, òmíràn ń fi páráṣúùtì sọ àpótí ọta sílẹ̀ fún àwọn oníbọn. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni Monash dá fún un. Ìṣẹ́jú 93 ló gbà. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi nìyẹn lójú tèmi.

Lẹ́yìn ìjà Amiens lóṣù Kẹjọ, wọ́n ń jà lọ títí dé Montbrehain, abúlé mìíràn ní Faransé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá. Àwọn tó kú níbẹ̀ máa ń dùn mí gan-an, torí ó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré kí ogun tó parí.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo fáìlì àwọn jagunjagun náà fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní National Archives of Australia, ibi tí ìjọba Ọsirélíà ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Wọn á rí bí jagunjagun kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó, àwọ̀ ẹyinjú rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí wọn ó ránṣẹ́ sí bó bá kú.