Béèrè Lọ́wọ́ Bàbá Akọ̀wé: Ṣé dandan ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́?

Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike àti ọ̀rá ni mo wà, lọ́nà Ògijò níbí. Ẹ̀rọ ni mò ń dúró tì. Láti oṣù tí wọ́n ti yọ mí kúrò ní kásúà, tí mo di òṣìṣẹ́ gidi, ni wọ́n ti ń yọ ₦1,400 lóṣooṣù nínú owó mi, wọ́n á kọ “owó ẹgbẹ́” sí i. N ò fọwọ́ síwèé kankan. Mo béèrè, alága ẹ̀ka wa ní ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ṣàdédé ni HR, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tún pe àwa mélòó kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn ti tẹ fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá fẹ́ kúrò, ká ṣáà ti fọwọ́ sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?
Ẹni Tó Dúró Ti Ẹ̀rọ, Ṣágámù

Ọmọ mi, má gbọ́ ti ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rù lásán ni alága yín ń dà bò ọ́. Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló fún ọ láṣẹ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2005, wọ́n tún Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ṣe, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ nínú abala 12 pé ìfẹ́ inú ẹni ló ń múni wọ ẹgbẹ́: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ wọ̀ ọ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹni tó kọ̀ tàbí ẹni tó jáde. Akọ̀wé ẹ̀ka ni mo fi ṣe nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo mọ àwọn alága tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò lè ṣírò owó tí wọ́n gbà fún ọmọ ẹgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn.

O wá ní o ò fọwọ́ síwèé, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ owó? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ dáadáa: ọjọ́ orí ẹni ló ń sọ èyí tó tọ́ síni, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọlọ́pàá tó máa wá mú ẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn dáṣọ. Bí òfin ṣe wo òṣìṣẹ́ kékeré náà nìyẹn. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe ló sọ ẹgbẹ́ tó tọ́ sí ọ. Abala 5 Òfin Iṣẹ́ wá pàṣẹ fún agbanisíṣẹ́ pé kó máa yọ owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà tọ́ sí, kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, àyàfi ẹni tó bá kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́. Bí o bá dákẹ́, o ti gbà nìyẹn. Kíkùn sí ara yín létí ẹ̀rọ kò dá nǹkan kan dúró.

Fún àwọn ọ̀gá, òdìkejì ni. Òṣìṣẹ́ àgbà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan owó rẹ̀. Bí National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ṣe ń dá a nìyẹn ní ẹjọ́ dé ẹjọ́. Nítorí náà, akáǹtáǹtì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, tí wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ṣe ojúsàájú fún un.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló bí mi nínú. Kí ló kan HR nínú kí o wà lẹ́gbẹ́ tàbí kí o má wà? Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ pé òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń kọ̀wé ìyọkúrò, pé kì í ṣe iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ láti bá a gbé e. Agbanisíṣẹ́ tó ń ná owó bébà àti yíǹkì kí o lè kúrò lẹ́gbẹ́ ní ohun tó ń wá. Ẹ lọ wádìí bóyá àsìkò tí àdéhùn owó oṣù yín fẹ́ parí la wà yìí. Kò ní yà mí lẹ́nu. Ẹgbẹ́ tí ìdajì ọmọ rẹ̀ ti jáde kò ní ẹnu tó máa fi sọ̀rọ̀ níwájú máníjà.

Bó bá jẹ́ pé ọkàn ìwọ fúnra rẹ ti kúrò níbẹ̀, bí o ṣe máa ṣe é rèé. Mú bébà tìrẹ, kì í ṣe tiwọn. Kọ orúkọ rẹ, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ rẹ àti ẹ̀ka tí o wà, kí o kọ pé o kò fẹ́ kí wọ́n máa yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó rẹ mọ́, buwọ́ lù ú, kọ déètì. Má kọ èébú síbẹ̀ o. Fún HR ní ọ̀kan, fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ̀kan, kí o ní kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tí o máa mú lọ sílé pé àwọn rí i gbà. Má bá ẹlòmíì fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, torí ìwé àpapọ̀ ni wọ́n máa ń rí wí sí nílé ẹjọ́. Bí wọ́n bá ṣì yọ owó lóṣù tó tẹ̀ lé e, gbé ẹ̀dà yẹn àti péésílíìpù rẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ l’Ábẹ́òkúta.

Ṣùgbọ́n kí ni ẹgbẹ́ yẹn ṣe fún ọ gan-an? O ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé yín wálé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ta ló jà fún un? Àfikún owó iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Bí o bá jáde lónìí, o ṣì máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn lọ́la, wọ́n á sì fi owó tí ẹgbẹ́ bá gbà fún gbogbo èèyàn kún tìrẹ. Òfin ò ní kí ojú tì ọ́. Èmi ni mo ní kó tì ọ́ díẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé aṣọ àjọ̀dún àti ọkọ̀ alága ni owó náà ń bá lọ, dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, bi wọ́n léèrè ìṣirò owó. Òfin ní kí ẹgbẹ́ máa fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Registrar of Trade Unions, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, lọ́dọọdún, kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ló lẹ́nu láti bi wọ́n. Ẹni tó ti jáde, ta ló fẹ́ dá a lóhùn?

Bàbá, níbi tí wọ́n ti ń la pákó n’Íjẹ̀bú-Igbó tí mo ti ríṣẹ́, ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé n ò ní wọ ẹgbẹ́ kankan láé. Mo ti fọwọ́ sí i. Ṣé mo ti ta ara mi?
Àkọ́dé

O ò ta nǹkan kan. Abala 9 Òfin Iṣẹ́ ní àdéhùn iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan kí èèyàn wọ ẹgbẹ́ tàbí kó má wọ̀ ọ́. Gbólóhùn yẹn kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Iṣẹ́ ni kí o máa ṣe.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá Akọ̀wé. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Texas, ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní New Jersey. Ọmọ tèmi ní òun kì í san nǹkan fún ẹgbẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní dandan ni tòun. Ṣebí Amẹ́ríkà kan náà ni?
Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá, Amẹ́ríkà kan náà ni, òfin ibẹ̀ ni kò dọ́gba. Lọ́dún 1947 ni wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Taft-Hartley, ó sì fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní sanwó ẹgbẹ́ ní tipátipá. Ìpínlẹ̀ 26 nínú 50 ló ní irú òfin bẹ́ẹ̀ báyìí. Michigan ní i tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fagi lé e ní 2023. Texas wà nínú ìpínlẹ̀ 26 yẹn, New Jersey kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́hùn-ún ni pé òfin wọn ní kí ẹgbẹ́ gbèjà ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san bákan náà, inú àwọn tó ń san kì í sì í dùn sí i.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, bí ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ bá ti jọ fọwọ́ sí i pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa san, á san. Ṣùgbọ́n wọn ò lè sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá fẹ́. Láti 1988 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì ti sọ pé ẹni tó kọ̀ lè ní kí wọ́n gba kìkì owó tí wọ́n fi ń bá agbanisíṣẹ́ dúnàádúrà àti èyí tí wọ́n fi ń rí sí àdéhùn náà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n yọ ti òṣèlú kúrò. Ẹ ní kó kọ̀wé béèrè iye tí ìyẹn jẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe ni, láti 2018 kì bá tí san nǹkan kan, ì báà jẹ́ New Jersey.